Ààlà Tí Ọwọ́ Òsì Júwe

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ oníkòkó, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ààlà ṣeré. Gbogbo ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti pàdé ti ẹlòmíràn ni ó gbin pèrègún sí, nítorí pèrègún kì í tètè kú, ó sì máa ń jẹ́rìí nígbà tí ẹnu bá dákẹ́. Aládùúgbò kankan kò bá a jà rí.

Ìyálé rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ìyàwó kejì kò bímọ, òun ló sì pọn àwọn mẹ́ta náà dàgbà. Lọ́jọ́ kan tí ó ń fi àdí àgbọn pa ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó rọra ní, "Baba Wúràọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ àti lọ́yà, kí ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ilé yìí rí."

"Ṣé mo ti di òkú sísin lójú rẹ ni? Àbí o ti rí ọkọ mìíràn?"

"Ta ni yóò fẹ́ arúgbó bíi tèmi tí eékún ń dùn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹ̀rín lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún rọ, ahọ́n wúwo, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni ó ń gbọ́. Láti orí àga rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀:

"Bí nǹkan bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi, kí ìyàwó náà padà sílé baba rẹ̀. Obìnrin tí kò bímọ, ìdí igi wo ló ní tí yóò fi pín ogún níbí?"

"Ẹni tó pọ̀n wá?" ni Wúràọlá, àkọ́bí ilé, bi í.

"Èmi kọ́. Àṣà ni. Ṣé baba yín sọ nǹkan mìíràn ni?"

Baba la ẹnu, ohùn ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ló jáde. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí pèrègún ẹ̀yìn ilé, wọ́n rò pé ó fẹ́ fi ewé rẹ̀ ṣe àgbo. Wúràọlá nìkan ló wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó gé ọ̀pá pèrègún kan, ó fi í sí ọwọ́ náà, wọ́n sì gbé baba jáde tòun ti àga.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló kù fún un. Ó fi júwe yàrá ìyàwó rẹ̀, ilé ìdáná, àti igi obì tí obìnrin náà ń ro abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó na ọ̀pá náà sí obìnrin náà. Dókítà wá, ó ní ọpọlọ rẹ̀ pé. Lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé ogún, ó kà á sí i létí lédè Yorùbá, baba sì mi orí, ó tẹ̀ka níwájú àwọn ẹlẹ́rìí.

Ọ̀pá pèrègún náà, tí wọ́n rì sí ààlà ibẹ̀, rúwé lójú rẹ̀.

"Ẹ rí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí fún un bí ó ti ń bọ́ ọ ní ẹ̀kọ, "ẹ sọ ọ́ tán, ẹ kò kú."

Ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òbí, orí ló yọ baba yìí. Àìsàn mìíràn kì í dá ọpọlọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ fi ààlà sáàárín ara yín àti àjèjì, tí ẹ kò fi í sáàárín àwọn tí ẹ fẹ́ràn, ẹnu yín ṣì dá ṣáká lónìí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ de ọwọ́ òsì.