Ọba Tí Láoyè Fi Tú Ẹrù Àlejò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sún mọ́ mi, òfófó tó gbóná wà lẹ́nu mi. Ládùúgbò wa ní Ṣakí, àwọn tó ń tún kọ́mpútà ṣe máa ń sọ pé, "Ọba kì í fúnra ẹ̀ tú ẹrù àlejò." Ọba wo? Ẹrù wo? Kò sí ọba kankan níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ Láoyè ni.

Láoyè ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ́mpútà kan níbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ló ń darí kọ́mpútà orí tábìlì mẹ́fà. Gbogbo nǹkan ló mọ̀, àfi pé òun ò mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Kọ́mpútà ní ọkàn kan, kánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń darí gbogbo yòókù. Tí fáìlì sípù bá dé, ìyẹn fáìlì púpọ̀ tí wọ́n dì bí ẹrù kan, ètò kékeré kan ló máa ń tú u. Láoyè ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò, ló bá ṣe é kí ọkàn náà máa tú u fúnra ẹ̀.

Ṣubúọlá, tó ń bá a tẹ̀wé, ní, "Bọ̀ọ̀dá, tí ètò kékeré bá kú, ẹ máa tún un tan. Tí ọkàn bá kú ńkọ́?"

"Ìwọ atẹ̀wé! Ta ló bi ẹ́? Àwọn òyìnbó tó ṣe kọ́mpútà gan-an, tí wọ́n bá rí iṣẹ́ mi, wọ́n á dọ̀bálẹ̀!"

Ṣubúọlá padà sídìí kọ́mpútà ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, aago mẹ́rin ni wọ́n máa tì í. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń falẹ̀ láti àárọ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ku bọ́tìnì kan péré. Ni bàbá kan bá gbé fáìlì sípù wọlé, àwòrán ìsìnkú ìyá ẹ̀. Fáìlì náà ti bàjẹ́, ẹnì kankan ò mọ̀.

"Bàbá, ẹ ṣẹ́jú báyìí, ó ti tú!" Láoyè ki fáìlì náà bọ inú ẹ̀rọ.

Pàà! Ọkàn ẹ̀rọ kú, kọ́mpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣókùnkùn. Kí ẹ̀rọ tó jí, aago mẹ́rin ti kọjá.

Láoyè fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Má bínú jàre. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni màá bá ẹ ṣe é."

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀fẹ́!

Ṣubúọlá wò ó látòkè délẹ̀. "Láoyè, ọba kì í fúnra ẹ̀ tú ẹrù àlejò. Tí paramọ́lẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìránṣẹ́ ló máa bù jẹ, ìlú ò ní dàrú. Ìwọ lo fọwọ́ ọba tú u, èmi ni mo wá kú."

Ó gbé báàgì ẹ̀, ó jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Láoyè ti dá ètò kékeré padà. Àṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe! Ó tún wá ń rán àwọn àgbà sí Ṣubúọlá pé kó padà wá tẹ̀wé.

Òwe náà nìyẹn: ọba kì í fúnra ẹ̀ tú ẹrù àlejò, torí ikú ọba kì í ṣe ti ọba nìkan. Ẹ wá sọ fún mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Ṣubúọlá, ṣé ẹ máa padà síbẹ̀?