Fíìmù Tí Bàbá Àyìnkẹ́ Ṣe

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn, fíìmù àwọn ọmọdé ló ń ṣe jẹun. Má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Kì í ṣe fíìmù tí wọ́n ti ń yọ àdá síra wọn, kì í sì í ṣe èyí tí ìyàwó àti ìyá ọkọ ti ń bú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tirẹ̀ ni èyí tí bàbá àti ìyá lè jókòó wò pẹ̀lú ọmọ wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sáré wá rìmóòtù kiri. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀, àwọn olùkọ́ sì máa ń ránṣẹ́ pè é.

Ó ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin, Àyìnkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Nírọ̀lẹ́, bí bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí ọmọ á fi ti gbé garawa méjì lọ sẹ́yìnkùlé, kó fi ṣe ojú ilé. Bàbá á dúró sáàárín garawa, ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kó tó gbá a, nǹkan kan wà tó máa ń ṣe. Á gbé bọ́ọ̀lù náà, á fi iwájú orí kàn án, á sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, á wá gbé e sílẹ̀. Ó ní òun ń sọ ọ̀nà tó máa gbà fún un ni. Bàbá náà á sì bẹ́ lu ilẹ̀, ì báà jẹ́ apá ibi tí bọ́ọ̀lù gbà, ì báà jẹ́ apá kejì, á máa yí nínú eruku títí ìyá ọmọ á fi yọjú láti ilé ìdáná pé ta ni wọ́n rò pé ó máa fọ aṣọ yẹn. Eré àwọn méjèèjì nìyẹn. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, àárín tọkọtaya náà ò gún mọ́. Mi ò ní ro ẹjọ́ wọn fún ọ, kò kàn wá. Ìyá kó ọmọ lọ sí Ṣakí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ wà, ó rí iṣẹ́ olùkọ́ síbẹ̀. Kò dí bàbá lọ́nà ọmọ rẹ̀ o. Ó sọ fún un kedere pé ọjọ́ tó bá wù ú ni kó wá, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ilé wá pa lọ́lọ́. Ọkùnrin náà á ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, á máa wo garawa méjì tí wọ́n dojú wọn dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ débi pé, bó bá gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, á dìde lọ ti fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé, pé kí ọmọ rẹ̀ mọ bí òun ṣe ń ṣàárò rẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ìwọ ṣáà máa gbọ́. Ọkọ̀ Ṣakí ń kún lójoojúmọ́ ní gáréèjì, kò wọ̀ ọ́. Ó jókòó, ó ń kọ fíìmù.

Kí n tó di ẹ̀bi rù ú, jẹ́ kí n sọ bí fíìmù náà ṣe rí fún ọ, nítorí ó dára, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, Àyìnkẹ́ náà lorúkọ tó sọ ọ́. Bàbá ọmọ yìí ti rìnrìn àjò lọ síbi tó jìnnà, kò sẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Ọmọ wá ní bọ́ọ̀lù kan tó ń gbọ́ èdè. Bó bá fi iwájú orí kàn án, tó rán an níṣẹ́, tó wá gbá a, bọ́ọ̀lù náà á ré kọjá òrùlé ilé ìwé, á wọ inú àwọsánmà, á lọ máa wá bàbá kiri, á sì padà wá sẹ́sẹ̀ ọmọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà mìíràn á padà dé pẹ̀lú omi òkun lára, nígbà mìíràn iyanrìn aṣálẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, á ní bàbá òun ti kọjá níbi báyìí. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé rẹ̀ wọ ìdíje, wọ́n dé àṣekágbá, eré fẹ́ parí, kò sẹ́ni tó tíì jẹ gólì. Ọmọ gbé bọ́ọ̀lù, ó rán an níṣẹ́ ìkẹyìn, ó gbá a sókè. Gbogbo èèyàn ń wo ọ̀run. Nígbà tí bọ́ọ̀lù máa padà, bàbá ló rọ̀ mọ́ ọn, ó balẹ̀ sáàárín pápá pẹ̀lú báàgì ìrìnàjò lọ́wọ́.

Wò ó, ojú ìwọ pàápàá ti yí padà. Ẹni tó bá kọ irú èyí, àárò ń pa á ni.

Ó wá ọmọ tó máa ṣe Àyìnkẹ́ nínú fíìmù. Ó rí ọ̀kan tó mọ eré ṣe dáadáa, àmọ́ kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá. Ó ní kò burú, òun á kọ́ ọ. Ọlidé gígùn ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sí, torí ìgbà yẹn nìkan ni ọmọ náà máa ráyè.

Ọlidé yẹn gan-an ni Àyìnkẹ́ tòótọ́ pè é láti Ṣakí. Wọ́n ti mú un sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ìlú, wọ́n sì fẹ́ bá àwọn ọmọ Ìgbòho figagbága.

"Dádì mi," ó ní, "ẹ wá dúró lẹ́yìn gólì kí n lè máa rí yín."

Inú bàbá dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ wá sún mọ́, ó wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá díẹ̀ ni, bí wọn ò bá tètè ya apá ti pápá, ẹrẹ̀ á tún gbà á. Obìnrin tó ń bá a di kámẹ́rà mú, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ tipẹ́, sọ fún un pé kó máa lọ, àwọn á máa ya ti inú ilé títí yóò fi dé. Ó ní rárá. Ó ní ọmọ tí òun ń kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi iwájú orí kan bọ́ọ̀lù ni, bí òun bá fi sílẹ̀ á gbàgbé. Obìnrin náà wá bi í pé ta ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe fíìmù yìí fún. Ó ní ọmọ òun ni, ó sì ní kí wọ́n tan iná sórí pápá. Kò rí ohun tó wà nínú ìbéèrè yẹn.

Ó pe Ṣakí, ó bẹ ọmọ. Ó ní iṣẹ́ ló dá òun dúró, ṣùgbọ́n ohun tí òun ń gbé bọ̀ wá bá a, kò rí irú ẹ̀ rí. Ọmọ ní kò burú. Ọkùnrin náà padà sórí pápá, ó bọ́ bàtà, ó dúró sẹ́nu gólì, ó ní kí ọmọ ọlọ́mọ gbá a wá. Ó ń bẹ́ lu ilẹ̀ fún un, ó ń yí nínú eruku, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, torí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní nǹkan nìyẹn. Bó bá gbá a dáadáa, á fọwọ́ pa á lórí. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ó máa ń ṣe é bíi pé ọmọ tirẹ̀ ló wà níwájú òun, ara á sì tù ú díẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Fíìmù parí, ó dùn. Àwọn tó kọ́kọ́ wò ó ní Ìbàdàn sunkún. Ọkùnrin náà ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun wò ó lórí fóònù bíi ti gbogbo ayé. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sára ògiri sínú mọ́tò, ó gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ó kọrí sí Ṣakí. Láti ibi tó ti gbéra ló ti ń ro bí ọmọ á ṣe fò mọ́ òun. Ó ti ro ohun tí òun á sọ, ó tiẹ̀ ti ṣa ibi tí òun á ti sunkún sílẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn ilé ìwé Àyìnkẹ́, wọ́n sì fi aṣọ dúdú dí ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá jókòó ti ọmọ rẹ̀. Kò wo fíìmù, ojú ọmọ ló ń wò. Nígbà tí ọmọ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú fíìmù, ó fi ìgúnpá gún bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo orúkọ náà mọ́ ọn. Ọkùnrin náà rò pé òun ti débi tí òun ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ inú fíìmù gbé bọ́ọ̀lù, ó fi iwájú orí kàn án, ó sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àyìnkẹ́. Ó ń wò ó. Ó fi ohùn kékeré béèrè pé ta ló kọ́ ọ. Bàbá fi ayọ̀ dáhùn pé òun ni, ta ni ì bá tún jẹ́.

"Ìgbà wo lẹ kọ́ ọ?"

Ó ṣí ẹnu láti dáhùn, ó wá rántí ìgbà tó kọ́ ọ.

"Ọlidé ni, àbí?" ọmọ náà ní.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà dojú kọ aṣọ funfun padà. Kò sunkún, kò sì dìde. Ó wò ó dópin. Nígbà tí bàbá inú fíìmù balẹ̀ sáàárín pápá, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn olùkọ́ ń nu ojú. Àyìnkẹ́ náà dìde, ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò tó wá ta ilé ìwé lọ́rẹ, ó ní ẹ ṣé sà, ẹ kú iṣẹ́, fíìmù yín dáa. Ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde.

Ìyá ọmọ ló sọ ìyókù fún un, nínú gbọ̀ngàn tó ti ṣófo. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá àwọn ọmọ Ìgbòho figagbága, ọmọ ò gbà rárá pé bàbá òun ò ní wá. Ọmọ ń sọ pé ohun tí bàbá sọ lórí fóònù, ó kàn fẹ́ fi ya òun lẹ́nu ni. Gbogbo ìgbà tí eré ń lọ ló ń wo ẹ̀yìn gólì. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní pẹnáritì, òun ni wọ́n ní kó gbá a. Ó fi iwájú orí kan bọ́ọ̀lù, ó gbé e kalẹ̀, kò gbá a. Géètì ló ń wò, títí rẹfirí fi fun fèrè mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà wá garawa méjì, ó tò wọ́n sẹ́yìnkùlé àwọn àna rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó pe ọmọ. Ọmọ wá, torí wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà. Ó rọra gbá a ni, sọ́wọ́ bàbá tààrà, bí èèyàn ṣe ń gbá a fún arúgbó kó má baà ṣubú. Kò fi iwájú orí kàn án. Bàbá bi í bóyá kò ní rán an níṣẹ́ ni.

"Ọmọ inú fíìmù yín ló ń ṣe ìyẹn."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ láàárín garawa, ó sunkún níwájú ọmọ àti àna. Gbogbo ibi tó ṣà sílẹ̀ pé òun á ti sunkún, ibí yìí ò sí lára wọn. Wọ́n ní kò padà sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ó ń lọ dúró lẹ́yìn gólì níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, kò gbé kámẹ́rà dání, kò pe ẹnikẹ́ni. Bóyá ọmọ náà ti yíjú wò ó, mi ò mọ̀, mi ò sì ní parọ́ fún ọ kí àkàwé mi lè dùn.

Ó yá, fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ìwọ ni mo ń bá wí. Láti ìgbà tí o ti wọlé lo ti ń fi àwòrán ilé tí ò ń kọ́ fún ìyá rẹ hàn mí. Ilé rere ni, mo kí ọ kú iṣẹ́. O ní ìgbà tí wọ́n bá kùn ún tán lo máa tó lọ sílé, kí o lè fa ìyá lọ́wọ́ wọ inú rẹ̀. Mo gbọ́. Ọdún wo lo fojú kàn wọ́n kẹ́yìn? Má dá mi lóhùn. Àwọn bíríkìlà rẹ mọ ohùn rẹ ju ìyá tó bí ọ lọ, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lò ń pè wọ́n. Ìfẹ́ ló bí ilé yẹn nínú rẹ, àárò sì ni, mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n àsìkò tó jẹ́ ti ìyá rẹ, ọwọ́ ẹlòmíràn lò ń kó o lé, o sì ń pè é ní ti ìyá rẹ.

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú wọn ò ríran mọ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀dà tí ò ń yàn yẹn, wọn ò ní rí i, bó pupa, bó funfun. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n fọwọ́ tọ́ ojú mi wò dé àgbọ̀n kí wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá o ti dá irùngbọ̀n sí. Lọ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.