Ọ̀rọ̀ Kan Tó Gbé Erin Dìde

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mi ò gbọ́ yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀hẹ́n! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àwòko, ẹyẹ olóhùn dídùn. Ó yí gbirigbiri, ó dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, ìlú àwọn ẹranko ní ìsun omi kan ṣoṣo. Omi náà tutù, ó mọ́ gaara, ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbẹ ẹ́. Ọdún kan wá dé, ooru mú bí iná. Erin, ọba wọn, rìn lọ síbi ìsun, ó ní kí ara òun tutù díẹ̀. Ló bá jókòó. Gbìì! Ojú ìsun gan-an ló jókòó lé. Ibẹ̀ tù ú lára. Kò dìde mọ́.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọba jókòó lé omi ìlú! Ta ni yóò sọ fún un?

Àgbọ̀nrín lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ibi tí ẹ jókòó sí yìí mà yẹ yín o." Ọ̀bọ náà lọ. "Kábíyèsí, ṣé ara le?" Ohun tí wọ́n rí sọ nìyẹn. Wọ́n padà sílé, ọ̀nà ọ̀fun wọn gbẹ táútáú.

Àwòko náà lọ. Òun ni akọrin ìlú. Kò sẹ́ni tí ohùn rẹ̀ dùn tó tiẹ̀, ọ̀rọ̀ rírùn kan ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó máa ń sọ pé, "Aṣọ funfun ni orin. Ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ kàn án." Ó kọrin fún Erin pé omi ń ṣàárò oòrùn, oòrùn náà ń ṣàárò omi. Erin mi orí, ó ju etí.

"Orin yẹn dùn, Àwòko. Tún un kọ."

Àwòko tún un kọ. Erin ò kúrò.

Nígbà tí Àwòko délé, Ẹyinjú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, la ẹnu láti kí i káàbọ̀. Ohùn ò jáde. Òǹgbẹ ti gba ohùn lẹ́nu ọmọ ẹyẹ. Àwòko wo ẹnu ọmọ náà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò lè wò ó pẹ́.

Ọjọ́ Ẹnu-Ò-Lẹ́ṣẹ̀ wá ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀yin àgbà mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Akọrin kan á dìde níwájú ọba àti ìlú, á sọ ohun tí kò ṣeé sọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú, ọba pàápàá ò gbọdọ̀ bínú. Àmọ́ òfin kan wà ńbẹ̀. Akọrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bú ara rẹ̀. Á tú àṣírí ara rẹ̀ síta, ìlú á sì dáhùn pé, "Ó rí bẹ́ẹ̀!" Ìgbà yẹn ni èébú tó kù lẹ́nu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di orin. Tí kò bá bú ara rẹ̀, èébú lásán ni.

Ìjàpá gbọ́ pé ọjọ́ náà ń sún mọ́lé, ló bá bọ́ sáàárín ọjà.

"Ẹ̀yin ará ìlú, ta lẹ fẹ́ kó kọrin lọ́dún yìí? Àwòko? Háà! Àwòko tí ò lè pe ìdí ní ìdí! Bí ẹ̀gún bá gún un lẹ́sẹ̀, á ní, 'Ẹ̀gún, ẹ kú iṣẹ́ o.' Ẹ gbé orin fún èmi. Ẹnu tèmi ti bàjẹ́ láti inú ẹyin! Màá bú Erin títí tí etí ẹ̀ á fi já bọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, inú ń bí wọn, ẹnu burúkú gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń pariwo, "Ìjàpá ni! Ìjàpá la fẹ́!"

Bí wọ́n ṣe gba orin lọ́wọ́ Àwòko nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwòko bà sórí igi tó wà lókè ìsun. Ó gbọ́ ohùn nísàlẹ̀. Ó wò. Ìjàpá rèé, àgbá omi lọ́wọ́!

"Kábíyèsí," Ìjàpá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "àwọn kan ń jowú ìjókòó yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo máa kọrin, orúkọ yín ò ní sí nínú orin náà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa gbọ́n èyí tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"O ṣeun, Ìjàpá. Gbọ́n ọn."

Ìjàpá gbọ́n omi, ó gbé àgbá wọ inú ihò kan lẹ́bàá ibẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀: "Jẹ́ kí òǹgbẹ mú wọn dáadáa. Oko baba wọn ni wọ́n á fi gba ife kan lọ́wọ́ mi."

Àwòko fò lọ sọ fún ìlú. Kí ni wọ́n dá a lóhùn? "Lọ jókòó jàre! Owú ló ń jẹ ọ́."

Ọjọ́ pé. Gbogbo ẹranko péjọ síwájú Erin, létí ìsun níbẹ̀. Agẹmọ, àgbà ìlú, yí ojú rẹ̀ kan síwájú, ó yí ìkejì sẹ́yìn. "Ìjàpá, ó yá. Bú ara rẹ."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ bú lára mi? Ẹ ò rí ẹ̀yìn mi bó ṣe ń dán ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ẹ rí àṣìṣe wọn? Wọ́n ń kánjú gbọ́ èébú, wọn ò bèèrè ohun tó ń sọ ọ́ di orin.

Ìjàpá la ẹnu sílẹ̀! "Àgbọ̀nrín, ẹlẹ́sẹ̀ igi ìdáná! Ọ̀bọ, onídìí ata rodo! Ìgbín, onítọ́, aláìlẹ́sẹ̀! Ẹ̀dá tó ń wọ́ ikun kiri bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò nu imú fún!"

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń retí Erin. Ìjàpá ò dé ọ̀dọ̀ Erin. Ó tún padà sórí Ìgbín. Ìgbín rọra yọ orí jáde nínú ìkarahun. Ohùn rẹ̀ rí bí ewé gbígbẹ.

"Ìjàpá, ikun wo? Mi ò ní ikun mọ́. Ó ti gbẹ tán."

Ó fẹ́ sunkún. Omijé ò jáde. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn.

Ni Àwòko bá fò wálẹ̀. Ó dúró lórí kùkùté. Ó mọ̀ pé tí orin òun bá ṣìnà, Erin á tẹ òun mọ́lẹ̀ pẹ̀tẹ́, Ẹyinjú á sì kú fún òǹgbẹ. Ẹ bá mi gbè é o, "Ó rí bẹ́ẹ̀" ni ègbè:

Èmi Àwòko, agbéraga ẹyẹ!
Ó rí bẹ́ẹ̀!
Ẹsẹ̀ mi rí jákujàku bí ìgbálẹ̀ tó gbó.
Ó rí bẹ́ẹ̀!
Ìlú ń kú lọ, mò ń kọrin oòrùn.
Ó rí bẹ́ẹ̀!
Mo pe ìbẹ̀rù mi ní ọ̀rọ̀ mímọ́.
Ó rí bẹ́ẹ̀!
Ojo ni mí, ojo ni mí, ojo tí ń hu ìyẹ́.
Ó rí bẹ́ẹ̀!

Ó wá yíjú sí Erin. Atẹ́gùn dúró. Eṣinṣin dúró.

Ajànàkú, a-rìn-kí-ilẹ̀-ó-gbọ́,
Ọba tí igi ń yà fún lọ́nà,
Gbé ìdí ńlá ẹ kúrò lójú omi wa!

Yéè! Ìdí! Ìdí ọba! Àwòko ló sọ ọ́! Kò sẹ́ni tó lè gbè é. Ọ̀bọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Etí Erin tó ń fẹ́ bẹ̀lẹ̀bẹ̀lẹ̀ dúró gbagidi.

Láti ilẹ̀, ohùn ewé gbígbẹ kan jáde.

"Ó... rí... bẹ́ẹ̀."

Ìgbín ni!

Àgbọ̀nrín gbè é. Ọ̀bọ gbè é. Gbogbo ìlú gbè é, ilẹ̀ mì tìtì: "Ó RÍ BẸ́Ẹ̀!"

Erin yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tó sán lẹ́sẹ̀ àwọn ará ìlú rẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo dí omi mọ́ yín?" ni ó bèèrè. "Ẹ ti wá sọ́dọ̀ mi, ẹ kí mi. Ẹ kọrin fún mi. Ẹnì kan ò sọ ọ́ kó yé mi."

Ó dìde. Òkè ń dìde, ẹ̀yin ọmọ! Omi sì tú jáde, ṣòòòò! Ó ga bí ọ̀pẹ, oòrùn kọ mànà sára rẹ̀, ó ń bọ̀ sórí wọn bí òjò. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mu ún. Wọ́n kàn ń wò ó, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Omi ya wọ inú ihò Ìjàpá. Àgbá omi kan léfòó jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, gbì, gbì, níwájú gbogbo ìlú.

"Ẹ dákun!" Ìjàpá ń ké. "Ẹnu ò lẹ́ṣẹ̀ lónìí o!"

"Ẹnu tó bú ara rẹ̀ ni ò lẹ́ṣẹ̀," Agẹmọ dá a lóhùn. "Tìẹ, èébú lásán ni. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Ìgbín lé e lẹ́yìn. Òun ló gbé e dé etí omi, jẹ́jẹ́. Bí omi ṣe kan Ìgbín, ikun rẹ̀ padà dé, ó ń ṣàn lára ẹ̀yìn tó ń dán yẹn, ó gba ọrùn Ìjàpá, ó ń kán tó, tó, tó sí i lẹ́nu.

Ẹyinjú mumi yó. Ohùn rẹ̀ jáde, gooro bí agogo. "Bàbá, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣé kí èmi náà máa sọ ọ́?"

Àwòko rò ó títí. "Bí o bá tún rí erin lórí omi, sọ ọ́. Bí o bá rí ìgbín nínú eruku, pa á mọ́."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ará ilé: ọ̀rọ̀ líle kì í ba orin jẹ́, ẹni tí a sọ ọ́ lù ni kí ẹ wò. Àwọn kan ń fi bú ẹni tó ti ṣubú. Àwọn kan ń fi gbé òkè dìde. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó o sẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ fi bú ara rẹ̀.