Ọ̀gá Ilé Ìwé Tó Pa Fíláàṣì Rẹ́ Lẹ́ẹ̀mẹfà

Ẹ jókòó, Bàbá Àṣàbí. Wọ́n ní ẹ wá mú ọmọ yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń kọ́ ọ. Ẹ ò tíì ṣàlàyé tí inú ti ń bí mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọkùnrin kan wà tó ni ilé ìwé aládàáni nílùú kan tí kò jìnnà síbí. Ènìyàn gidi ni, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún náà. Akọ̀wé rẹ̀ ti tẹ orúkọ gbogbo wọn, ó ti ya àwòrán wọn, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà yìí kọ̀, kò tàn. Àìsàn yẹn ò le. Ẹ ó wá fíláàṣì kékeré kan, ẹ ó fi sọ́fítíwíà kọ ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀, ẹ ó fi sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń ṣàìsàn. Yóò jí, ẹ ó sì kó ẹrù yín jáde. Wákàtí kan ti tó. Sọ́fítíwíà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀ lọ jàra, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Nǹkan kan péré ló yẹ kéèyàn mọ̀: kí sọ́fítíwíà náà tó kọ tuntun sórí fíláàṣì, yóò kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Ọ̀gá yìí ra fíláàṣì kan. Ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gba sọ́fítíwíà kan láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, fíláàṣì ti ṣetán. Akọ̀wé nawọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ mú un wá ká fi jí i."

Ọ̀gá ní, "Ṣe sùúrù ná. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn ní sọ́fítíwíà tòun dáa ju èyí lọ."

Ẹ gbọ́ mi o. Kò fi fíláàṣì yẹn sí kọ̀ǹpútà wò. Kò tiẹ̀ fi sí i rárá! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi pa tàná rẹ́ lórí fíláàṣì kan náà, ó ṣe òmíràn. Ìyẹn náà ṣetán. Ló bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí Wáàsáàpù àwọn ọ̀gá ilé ìwé. Yéè! Ẹ ṣáà mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Ẹnì kan ní ti ẹ̀gbọ́n yẹn ti di ti àtijọ́. Ẹlòmíràn ní tòun ló yá jù. Ẹnì kẹta ò tíì ṣe é rí láyé rẹ̀, òun ló sì ń pariwo jù. Ọ̀gá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Méje ni tirẹ̀!

Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́ lỌ́jọ́rú. Ó kúnlẹ̀ lỌ́jọ́bọ̀. "Ọ̀gá, ẹ dákun, èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí ńkọ́?"

Ọ̀gá bínú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́kànlélógójì lo fẹ́ kí n fi gbàrọgùdù ṣe? Èyí tó dáa jù ni mo fẹ́ fún wọn."

Òótọ́ inú rẹ̀ ló sì sọ. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ọ̀lẹ ni, mi ò bá ti gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tó di aago méjì ọjọ́ Ẹtì, wọ́n júwe ìkeje fún un. Èyí máa ń fúnra rẹ̀ fa ohun tó fẹ́ kọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó pa ìkẹfà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ní díẹ̀díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fì. Akọ̀wé ń wo aago, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Aago márùn-ún kù díẹ̀ kó tó parí. Wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà, ó jí wàrà. Orúkọ mọ́kànlélógójì pé síbẹ̀, ọ̀kan ò yẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ sì ti parí.

Àwọn òbí dé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Akọ̀wé tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé, "Ọ̀gá, láti ọjọ́ Ajé tó kọjá ni fíláàṣì tó ṣetán ti wà lọ́wọ́ yín."

Bàbá Àṣàbí, ẹ má fajú ro. Ẹ fi ọmọ yìí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, ó ti ń gé aṣọ fúnra rẹ̀ kí ẹnì kan tó sọ fún yín pé irun dídì ló lọ́jà. Ẹ mú un kúrò. Níbi irun dídì náà, àwọn oníbàárà ti ń béèrè òun gan-an kí ẹ tó gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ló kù. Ẹ mú un wá síbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún ẹ̀rọ kan ṣe tí mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin wá ní wọ́n ní iná oòrùn ni gbogbo ayé ń ṣe báyìí. Ta ni "wọ́n" yẹn, ẹ jọ̀ọ́? Ṣé ó ti ṣe é rí? Mi ò ní iná oòrùn ò dáa. Aránṣọ náà dáa! Fíláàṣì ò mọ̀ pé wọ́n ń pa òun rẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún mọ̀ ọ́n.

Lánàá ni mo gbé iṣẹ́ tuntun fún un. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àbí bàbá mi ti ń bọ̀?" Inú yàrá yẹn ló wà. Ẹ wọlé lọ dá a lóhùn.