Ìlẹ̀kùn Ẹ̀yìn Odérìnlọ

Oorun dá lójú Odérìnlọ, aláṣọ òfì ìlú Ìdópẹ̀. Ọjà ń yá, ara le, síbẹ̀ bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, àyà rẹ̀ a máa já.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ adójútòfò. Bí iná bá jó ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan, gbogbo wọn a dáwó kó ọjà mìíràn sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ènìyàn bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, a ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn àgbà, kí wọ́n fojú rí ohun tí wọ́n fẹ́ bá a rù. Odérìnlọ ṣí tiwájú. Ó ní ìyá ìkókó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ojú ti àwọn àgbà, wọ́n yà kúrò níbẹ̀. Kò sí ìyá ìkókó kankan níbẹ̀. Àgbá ẹ̀tù ìbọn tó ń tà fún àwọn ọdẹ ló wà níbẹ̀.

Òun àti Àrínpé, alábàágbé rẹ̀ tó ń ta àdín, jọ tọ Fákúnlé awo lọ. Ọkàn Àrínpé náà kò balẹ̀, nítorí inú ìsọ̀ ló ń dáná àdín sí, kò sì sọ fún ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni awo sọ fún wọn.

“Ẹyẹlé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ rú. Kí ẹ tó rú u, ẹ lọ ṣí ohun tí ẹ tì fún ẹgbẹ́ yín.”

Àrínpé lọ jẹ́wọ́. Wọ́n bá a wí, wọ́n ní kó gbé ààrò síta, wọ́n sì fi kún ìdáwó rẹ̀. Odérìnlọ fi í rẹ́rìn-ín.

“Àrínpé, o fi ẹnu ara rẹ ra ìyà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ṣe é sùn lé.”

Odérìnlọ rò ó títí. Ewúrẹ́ ju ẹyẹlé lọ. Bóun bá rú ewúrẹ́, yóò kárí ìlẹ̀kùn náà. Ó rú ewúrẹ́ ọlọ́ràá. Ó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn pa.

Nígbà ọyẹ́, iná oko wọ ìlú, ó jó ìsọ̀ méjèèjì. Aṣọ ti di eérú kí ẹ̀tù tó dún, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ kó ọjà lé Àrínpé lọ́wọ́. Wọ́n kó gbogbo ìdáwó Odérìnlọ padà fún un nínú àpò.

Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. “Iná oko ni, Baba Ẹgbẹ́. Kì í ṣe ẹ̀tù.”

“Ká ní a mọ̀ pé ẹ̀tù wà níbẹ̀, ṣé à bá gbà ọ́ bá a ṣe gbà ọ́?”

Odérìnlọ gbé àpò náà kalẹ̀.

“Ẹrù tí o kò fi hàn wá, a kò bá ọ rù ú rí.”

Ó gbé àpò, ó di ọ̀dọ̀ Fákúnlé. “Baba, mo rúbọ. Mo tiẹ̀ lé e, ewúrẹ́ ni mo rú.”

Awo bi í pé, “Odérìnlọ, ewúrẹ́ wo ló ń ṣílẹ̀kùn?”

Àrínpé tó gbọ́ràn là, ó là yéké. Odérìnlọ tó fojú di ìkìlọ̀, òun àti àbámọ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n ní títí dòní ló ṣì ń bi ara rẹ̀ bóyá ewúrẹ́ náà ni kò sanra tó.