Ìjàpá Tó Jókòó Ti Agbada Ìlú

Àlọ́ o!

"Àlọ̀!"

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ gbóhùn sókè. Àlọ́ o!

"Àlọ̀ ooo!"

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra, ó rìn wọ inú igbó, ó kọsẹ̀ lára Ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Àwọn kan máa ń pa àlọ́ ẹranko yìí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìbídùn ló jẹ́ kí n rántí rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi nìyẹn, ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìgboro. Lọ́sàn-án òní mo bá a, ó fajú ro níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ìyá, iṣẹ́ púpọ̀ ni mo kọ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ààyè gba ara wọn. Ọ̀kan jókòó, ó kọ̀, kò dìde mọ́. Gbogbo ìyókù bá dúró gbagidi." Mo ní ọmọ mi, mo mọ ẹranko yẹn. Mo mọ ilé bàbá rẹ̀ pàápàá.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń yan gààrí fúnra wọn, ìyàn mú. Iṣu kò ta. Àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Ẹ̀gẹ́ nìkan ló kù. Ẹ̀gẹ́ kì í sì í ṣe ohun tí a kàn ń hú jẹ. Ẹ ó bó o, ẹ ó rin ín, ẹ ó dì í sápò, ẹ ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, ẹ ó sẹ́ ẹ, kí ẹ tó dà á sínú agbada. Agbada kan ṣoṣo ló sì kù ní ìlú náà, nínú ahéré alámọ̀ kan tí kò gbà ju ẹnì kan lọ.

Méjì ni agbada náà tẹ́lẹ̀. Ìmàdò ló fọ́ ìkejì. Ó ní Ọ̀bọ pẹ́ jù nídìí iná, ló bá wọlé tọ̀ ọ́, ó fi ipá wọ́ ọ jáde. Ọ̀bọ di agbada mú. Agbada fọ́ yángá, gààrí dà sínú eérú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣòfin pé a kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni jáde nínú ahéré. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

"Tí kò bá wá jáde ńkọ́?"

Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? O gbọ́n. Àwọn ẹranko kò bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni tó bá wọlé yóò ṣiṣẹ́ dé ibi tó ti di ìdúró. Tí ẹ̀gẹ́ bá ń ro omi lábẹ́ òkúta, kí ni olúwarẹ̀ tún ń wò níbẹ̀? Yóò fi ewé sàmì sórí àpò rẹ̀, yóò jáde, yóò ní, "Mo fi ààyè sílẹ̀ o." Ẹyẹ Àwòko tó wà lórí òrùlé yóò pe ẹni tó kàn. Ìyẹn yóò wọlé, yóò bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Kò tún ní í padà sórí bíbó. Ẹni tó ti rin tirẹ̀ yóò sẹ́ ẹ, ẹni tó ti sẹ́ tirẹ̀ yóò yan án. Ọ̀bọ náà ní àkókò tirẹ̀. Tí wọ́n bá pè é, á gbé igi àti omi wọlé, á koná, á jáde.

Ìbídùn ní, "Ìyá, bí tèmi ṣe rí gan-an nìyẹn! Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá ara rẹ̀ dúró. Tó bá padà dé, ibi tó ti dúró náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń já ìjókòó gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo gbọ́. Ìlú ẹranko lo kọ sínú ẹ̀rọ, o wá gbàgbé pé Ìjàpá ń gbé níbẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan. Ẹtu ló kàn lẹ́yìn Ìjàpá. Opó ni Ẹtu. Ọmọ méjì ló ní, wọ́n ti rù débi pé ẹkún wọn kò jáde mọ́. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ro, ó ti sẹ́ ẹ, yíyan ló kù. Tí kò bá yan án lọ́jọ́ náà, yóò bu, àwọn ọmọ náà kò sì ní í rí ọjọ́ kejì.

Ẹtu kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́. Àwọn ọmọ kò tíì fẹnu kan nǹkan."

"Háà, ìyàwó wa!" ni Ìjàpá wí. "Ṣé mo fẹ́ sùn síbẹ̀ ni? Kí o tó ṣẹ́jú, mo ti jáde."

Ó wọlé. Ó rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó dì í sápò, ó gbé òkúta lé e. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ro tó, tó, tó, sínú ìkòkò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tó yẹ kó ti jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wo ọ̀tún, ó rí àpò Ẹtu tí ewé wà lórí rẹ̀. Ó wo òsì, ó rí àpò Ìmàdò. Ó wo iná, iná ń jó geere. Olè! Ẹ bá mi wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Àwọn òmùgọ̀," ló wí. "Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà mí jáde, wọ́n sì kó oúnjẹ wọn tì mí. Ta ni yóò wá lé mi? Èmi nìkan ni ìyàn yìí kò ní í pa."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ti Ẹtu ló kọ́kọ́ dà sínú agbada. Ṣé ẹ rí i? Nínú gbogbo àpò, ti opó ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òkúta. Ó ní ti ara ẹni kì í sá lọ.

Àwòko na ọrùn sílẹ̀ láti orí òrùlé. "Ìjàpá, ṣé o ti dé ibi ìdúró?"

"Ó ku díẹ̀!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é. "Ó ku díẹ̀" ni ègbè yín o.

Ìjàpá, jáde síta o.
*Ó ku díẹ̀!*
Ọmọ Ẹtu ń kú lọ o.
*Ó ku díẹ̀!*
Òórùn kí ni mò ń gbọ́ o?
*Ó ku díẹ̀!*
Ọ̀nà ọ̀fun rẹ kò kún ni?
*Ó ku díẹ̀!*

Òórùn gààrí gba gbogbo ìta. Ẹtu dìde. Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ Ìjàpá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ni. Gààrí ta ló ń yan?" Gbogbo wọn ló mọ̀.

Ìmàdò pọ́n eyín. "Ẹ fi mí sílẹ̀, kí n wọlé bá a!"

"Kí o tún lọ fọ́ èyí tó kù?" ni Àwòko wí. "Kí la ó wá fi yan?"

Ìmàdò jókòó. Ẹtu padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń fi ahọ́n lá wọn lójú. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nínú ilé, Ìjàpá ń yan, ó ń bù jẹ. Ó yan ti Ẹtu tán, ó yan ti Ìmàdò. Ló bá rí i pé iná ń kú. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó yọ orí. "Ọ̀bọ! Gbé igi wá!"

Ọ̀bọ jókòó sórí òkìtì igi, ó ń họra. "Wọn ò tíì pè mí."

"Èmi ni mo pè ọ́!"

"Ìwọ kọ́ ló ń pè. Àwòko ló ń pè. Àwòko kò sì lè pè mí nígbà tí o ṣì wà níbẹ̀. Jáde, kí n gbé igi wọlé kíá."

Ìjàpá rò ó. Tó bá jáde, wọn yóò rí gààrí olè. Tí kò bá jáde, kò sí igi. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó fi àpótí ìjókòó dáná, ó fi ìgbálẹ̀ dáná. Iná kú fẹẹ. Ẹni tó gbẹ́sẹ̀ lé ohun gbogbo nìyẹn o, tí kò rí ẹyọ igi kan. Ọ̀bọ ń dúró dè é, òun náà ń dúró de Ọ̀bọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjàpá fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì.

Ó ní kò burú, òun á jẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹ̀rí má sí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó ń bu gààrí gbígbẹ sẹ́nu, ẹ̀kúnwọ́ lórí ẹ̀kúnwọ́, títí agbada fi mọ́ féfé. Ọ̀fun rẹ̀ há. Omi dà? Ọ̀bọ ló ń gbé omi wọlé. Kí ló wá kù? Omi ẹ̀gẹ́ tó ro sínú ìkòkò. Omi tí ewúrẹ́ ń mu tó ń kú ni. Ìjàpá gbé ìkòkò náà sókè, ó mu ún gbẹ.

Bàbá Ògúnṣínà tó jókòó láàárín yín ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mọ ohun tí gààrí ń ṣe tó bá bá omi pàdé.

Gààrí wú. Ikùn Ìjàpá wú. Ẹran ara rẹ̀ wú yọ lábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ó sáré sẹ́nu ọ̀nà. Orí kọjá, ọwọ́ kọjá, ìyókù há. Ìdajì wà nínú ilé, ìdajì wà níta.

"Ẹ gbà mí o! Mo fi ààyè sílẹ̀! Ẹ fà mí jáde!"

Àwòko bà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kí a fi ipá fà ọ́? Òfin kọ̀ ọ́. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pá nínú ahéré lẹ́yìn. Ìmàdò kò tún dúró gbọ́rọ̀ mọ́. Ó yí sẹ́yìn ilé, ó fi eyín gbẹ́ ògiri amọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má ba agbada jẹ́, ó sọ ọ́ di ojú ọ̀nà mìíràn. Ẹtu ló kọ́kọ́ wọlé. Ó rí àpò rẹ̀, ó ṣófo, ewé rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó gbá àpò náà mọ́ra, ó ké: "Ẹ̀mí àwọn ọmọ mi ló jẹ yìí!"

Àwòko wo abẹ́ òkúta. Àpò kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó kún, ó ti ro dáadáa. Ti Ìjàpá ni.

"Ẹtu," ni Àwòko wí, "ìwọ ló kàn. Sẹ́ ẹ, kí o yan án."

"Tèmi nìyẹn!" ni Ìjàpá ń ké lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gẹ́ mi nìyẹn!" Wọ́n gbọ́ ọ.

Wọ́n pe Ọ̀bọ kó kọ́kọ́ koná. Ó gbé igi àti omi wọlé, ó koná, ó jáde. Ẹtu sẹ́ ẹ̀gẹ́, ó yan agbada kan. Ó po díẹ̀, ó fi sí àwọn ọmọ lẹ́nu. Nígbà tó pẹ́, ọ̀kan nínú wọn ké tòò, ẹkún gidi. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ìdajì àpò ṣì kù. Iná ń jó. Ká ní Ẹtu jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ta ni ìbá bá a wí? Ṣùgbọ́n ó tẹ́ gààrí rẹ̀ kó tutù, ó fi ewé sórí àpò, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Wọ́n pe ẹni tó kàn.

Ìjàpá gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó há sí. Ó ní, "Òmùgọ̀ obìnrin." Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ilẹ̀kùn dì mú! Ó pẹ́ kí ikùn rẹ̀ tó rọ̀. Ó yọ́ lọ, kò sẹ́ni tó kí i pé ó dàbọ̀. Àwòko kò sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Tí iṣẹ́ rẹ bá di ìdúró, dìde fún ẹlòmíràn. Ẹni tó jókòó ti ohun gbogbo ìlú tí kò dìde, kò gbọ́n o, ọ̀nà ló ń dí, ara rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ dí i mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin fún ọmọlúwàbí, ẹ rántí pé olè náà máa kà á.

Mo ti sọ tèmi. Bàbá Ògúnṣínà, ẹ máa bọ̀ lórí àga yìí, àlọ́ yín là ń retí.