Àwáwí Ẹ̀gà Lórí Ọ̀pẹ

Nígbà láéláé, kí ẹ̀gà tó mọ ilé í hun, ológoṣẹ́ ló ń hun ún fún un. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni o. Ẹ̀gà ló kógun lọ bá wọn, tó kó wọn lẹ́rú, tó so okùn mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, tó ní kí wọ́n máa ya imọ̀ ọ̀pẹ láti àárọ̀ títí dalẹ́, kí wọ́n máa fi hun ilé fún òun àti ará ilé òun.

Àwẹ̀ró wà lára àwọn ológoṣẹ́ náà. Ọdọọdún ló ń yé ẹyin, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń yé e sí. Gbogbo ilé tó fẹnu ara rẹ̀ hun, kò sí èyí tí wọ́n jẹ́ kó wọ̀. Ẹyin míì sì tún ti wà nínú ikùn rẹ̀ báyìí.

Ó lọ bá Baba Ẹ̀gà, olórí àwọn ẹ̀gà, ó ní kó jọ̀wọ́, kó tú òun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé! Ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní bí àwọn baba ńlá òun ti ń ṣe é nìyẹn. Ó ní ológoṣẹ́ ò gbọ́n tó ẹni tó lè dá gbé. Ó ní ta ni yóò máa bọ́ wọn? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ológoṣẹ́ ló ń wá oúnjẹ tí Ẹ̀gà ń jẹ. Etí Àwẹ̀ró kún. Ó wọ́ okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ fẹjọ́ sun Igún, àgbà gbogbo ẹyẹ.

Igún pe gbogbo ẹyẹ jọ sábẹ́ àràbà. Baba Ẹ̀gà tún kó àlàyé rẹ̀ dé, ó ń sọ ọ́ lọ ràì. Nígbà tó rí i pé ojú wọn ò rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn dídùn sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ta ló pè wọ́n lẹ́rú? Ọmọ ni mo ń pè wọ́n. Baba ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ mi ni wọ́n."

Ẹ wá wo ìranù! Àwọn ẹyẹ kan tilẹ̀ ń mi orí, wọ́n ní ó gbìyànjú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so okùn mọ́ Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀ ló ti ń gbọ́ "ọmọ mi" yìí.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Igún. "Bàbá, ó ti sú mi. Bí mo bá jẹ́ ọmọ, yàrá mi dà nínú ilé baba mi?"

Igún yíjú sí Ẹ̀gà, ó ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: ọmọ ni àbí ẹrú? Bí Ẹ̀gà bá ní ẹrú ni, á jẹ́ pé irọ́ ló ti ń pa lójú gbogbo ẹyẹ. Ló bá kùn pé ọmọ ni.

Igún ní, "Ó dáa. Baba ló ń kọ́lé fún ọmọ. Tú okùn ẹsẹ̀ wọn, kí o sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hunlé."

Bí wọ́n ti tú okùn Àwẹ̀ró, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fò wọ inú ilé tó hun kẹ́yìn, ó yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀, ó sàba lé e títí ó fi pamọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ igbe ọmọ tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń fẹnu ara rẹ̀ ya imọ̀ ọ̀pẹ, tó ń hun ilé, tí ológoṣẹ́ sì ń wọ èyí tó bá fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà sì ti ń pariwo lórí ọ̀pẹ látàárọ̀ dalẹ́. Àlàyé yẹn ló ṣì ń ṣe. Kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.